Kí Ni Ká Kọ, Kí Ni Ká Fi Sílẹ̀? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ìlú Kékeré Nínú Ìwé-Ìmọ̀

Ẹni tó bá gbéra ní Adó-Èkìtì, tó kọjá Ìyìn àti Ìgèdè, tó dé Arámọ̀kọ, tó sì yà sí ọ̀nà Ẹ̀rìnjìyàn títí ó fi kan Ìkógòsì, yóò bá omi méjì níbẹ̀ tí wọ́n ń ti inú ilẹ̀ olókè jáde, ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù nini, tí wọ́n ń ṣàn lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ igi ńláńlá títí wọn yóò fi pàdé. Bí àlejò náà bá bẹ̀rẹ̀ síbi tí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti ń yọ, tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò sí ohun tí yóò ṣe ọwọ́ rẹ̀. Bí omi tí ìyá ìkókó lọ̀ de ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ni yóò rí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá padà délé, tó ṣí ìwé tàbí tó tan kọ̀ǹpútà láti kà nípa ibi tó ti dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan kí ó kà á pé ooru omi náà ní orísun rẹ̀ tó 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti pé ìgbà tó bá èyí tó tutù pàdé ni ó wá rọlẹ̀ sí 37. Omi tó gbóná tó 70 kì í ṣe omi à-ń-tọwọ́-bọ̀. Bíbó ni yóò bó ènìyàn. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta tí wọ́n gbé irinṣẹ́ lọ wọ̀n ọ́n, nǹkan bí 37 tàbí 38 ni wọ́n rí. Síbẹ̀, 70 yìí kò kú, kò sì rùn. Láti inú ìwé kan ni ó ti ń bọ́ sínú òmíràn, tí òǹkọ̀wé ń gbà á lọ́wọ́ òǹkọ̀wé bí ẹni ń gba iná lọ́wọ́ aládùúgbò, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì bi ara rẹ̀ léèrè pé ọwọ́ ta ni ó ti bọ inú omi náà láìbó.

Nínú ojúewé kan náà, a óò tún kà á pé òyìnbó Amẹ́ríkà kan, ìránṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John McGee, ni ó ṣàwárí omi yìí ní 1952. Ọkùnrin náà ṣe iṣẹ́ tó yẹ ní ìyìn, nítorí òun ni ó sọ ibẹ̀ di ibùdó tí àwọn ènìyàn ń lọ gbé láti sinmi àti láti gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ìlú ti wà ní ìdí omi náà kí ó tó dé. Àwọn ará Ìkógòsì ti ń pọn ọ́n, wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ti ní ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, ìtàn ọdẹ kan tí ó ní ìyàwó méjì, tí ìjà orogún sọ àwọn méjèèjì di omi, tí onínú líle di èyí tó gbóná, tí onínú tútù sì di èyí tó tutù. Kí ni a ń pè ní àwárí nígbà náà? Bí àlejò bá wọ ilé mi, tó rí ìkòkò àmù ìyá mi ní kọ̀rọ̀, ṣé ó ti ṣàwárí àmù nìyẹn?

Mo fi omi yìí ṣáájú nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ìdààmú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò kó sí. Ìwé-ìmọ̀, ìyẹn ìwé tí a ṣà jọ kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan rí lè ṣí i kí ó sì mọ ìdí rẹ̀ lójú kan, ní òfin àti àṣà tirẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é. Ìlú kékeré ilẹ̀ Èkìtì sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà mọ ara rẹ̀, tó ń gbà ka ìran rẹ̀, tó sì ń gbà jiyàn pẹ̀lú ìlú tó múlé gbè é. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọn a máa ṣe bí omi Ìkógòsì. Ìbéèrè mi ni pé, nínú gbogbo ohun tí a lè sọ nípa ìlú bẹ́ẹ̀, èwo ni ó yẹ kí ó wọ ìwé, ta ni ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?

Láyé àtijọ́, ìbéèrè náà kò rí báyìí. Nígbà tí àwọn ará Edinburgh bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Encyclopaedia Britannica ní 1768, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ààyè ni ó ń ṣòfin: ìwé ní ìwọ̀n, bébà ní iye owó, ìlú tí kò bá sì ní ọba ńlá tàbí èbúté tàbí ìwakùsà kò lè rí ìlà mẹ́ta gbà. Láti ìgbà tí Wikipedia ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, ààyè kò tún ṣòfin mọ́, ìlànà wọn sì gbà pé ibi yòówù tí ènìyàn ń gbé, tí òfin ilẹ̀ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n ní ìlú, lè ní ojúewé tirẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ kó iye tí ìjọba wọn rí nínú ìkànìyàn, ó sì fi dá ojúewé bí 30,000 sílẹ̀ fún àwọn ìlú àti abúlé wọn, títí kan ibi tí kò ju ilé díẹ̀ lọ. Ìlẹ̀kùn ti ṣí, nítorí náà ìjiyàn pé bóyá Ìpólé-Ìlórò tàbí Awò-Èkìtì tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé-ìmọ̀ ti parí. Ohun tó kù ni pé, nígbà tí a bá ti pe ìlú wọlé, aṣọ wo ni ó yẹ kí a rí lọ́rùn rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo àbùkù ọ̀nà ti Amẹ́ríkà yẹn nílẹ̀ wa. Iye ènìyàn ni òpó ojúewé wọn. Tiwa kò ní irú òpó bẹ́ẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, iye tí ìjọba tẹ̀ jáde fún gbogbo ayé láti rí dúró ní orí ìjọba ìbílẹ̀. Kò sọ̀kalẹ̀ dé orí ìlú kọ̀ọ̀kan. A mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Èkìtì ní 308,621, a sì mọ̀ pé Ìrẹ̀pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìgèdè, ní 129,149. Inú iye kejì yìí ni Ìyìn wà, ibẹ̀ ni Awò wà, ibẹ̀ ni Afào àti Ìgbẹ̀mọ àti Ìwòrókò wà, láìsí ẹni tó lè ti inú àkójọ náà yọ ti ọ̀kan sọ́tọ̀. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọn a gbé iye gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ lé orí ìlú kan ṣoṣo, wọn a sì kọ ọ́ bí ẹni pé ìlú náà ni a kà. Èmi ò rí ohun tó burú nínú kí á fi ibi iye sílẹ̀ lófìfo, tàbí kí á fi iye tí ìkànìyàn ìṣáájú fún ìlú síbẹ̀ pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Òfìfo tó jẹ́ òtítọ́ sàn ju ẹ̀kún tó jẹ́ irọ́.

Orúkọ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ “Adó” lásán kò tí ì sọ nǹkan kan, nítorí Adó-Èkìtì wà, Adó-Odò wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Adó-Àwáyè sì wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí adágún omi wà lórí àpáta. Ti Ìmẹ̀sí tilẹ̀ le ju èyí lọ. Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ibẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì, ogun tí àwọn Èkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà, ní 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Òkè-Mẹsí, tí àwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní Ìmẹ̀sí-Igbódò, wà ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ibẹ̀ sì ni ilé Fábùnmi tó bẹ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn lórí, tí ọ̀rọ̀ náà fi di ogun. Ìmẹ̀sí-Lásígídí tún wà ní apá ìlà-oòrùn Èkìtì. Mo ti rí ìwé tó gbé Fábùnmi lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, mo sì ti rí èyí tó gbé àdéhùn wá sí Òkè-Mẹsí. Nítorí náà, kí á tó kọ ohunkóhun mìíràn, kí á kọ gbogbo orúkọ tí ìlú ti jẹ́ rí, kí á sì kọ bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pè é lẹ́nu ara wọn, nítorí ọmọ Èkìtì tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe ìlú ní ùlú, kì í pe orúkọ ìlú rẹ̀ bí àwọn akọ̀wé Ọ̀yọ́ àti Èkó ṣe kọ ọ́ sórí àwòrán ilẹ̀.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti nípọn, ìyẹn ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ìlú kan ní Èkìtì tí kì í fẹ́ kí ojúewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀, kí adé rẹ̀ sì ti ọ̀dọ̀ Odùduwà wá. Ìtàn Adó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pa á láàfin sọ pé Awamaro, Èwí àkọ́kọ́, ti Ifẹ̀ wá, ó bá àwọn ìbátan rẹ̀ gbé ní ìhà Ìbìní, lẹ́yìn náà ni ó wá tẹ̀dó sí abẹ́ àwọn òkè ibi tí Adó wà lónìí. Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà kò fi pa mọ́ pé ó bá ènìyàn níbẹ̀: Ẹlẹ́sùn ni ó ń jọba lórí Ìlẹ́sùn kí Èwí tó dé, agbára Èwí ni ó sì borí tirẹ̀. Ẹ wo bí ìwé-ìmọ̀ ṣe máa ń ṣe ọ̀rọ̀ yìí: gbólóhùn kan péré, pé Èwí ni ó tẹ Adó dó. Ẹlẹ́sùn ti di ẹni ìgbàgbé ní ìlà kan ṣoṣo. Ní Ìkẹ́rẹ́, tí kò jìnnà sí Adó, ọ̀rọ̀ náà hàn síta ju báyìí lọ. Ògògà ni ọba aládé níbẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń sọ bí baba ńlá rẹ̀ ṣe dé. Olúkẹ́rẹ́, tó jẹ́ àwòrò Olósùnta, òkè àpáta ńlá tí ìlú ń bọ lọ́dọọdún, ń sọ pé ilé òun ni ó ti kọ́kọ́ wà lórí ilẹ̀ náà. Awuyewuye yìí kò tí ì tán títí di àsìkò tiwa. Kí ni olóòtú ìwé-ìmọ̀ yóò ṣe? Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Èrò tèmi ni pé kí ó kọ ohun tí ilé Ògògà wí, kí ó kọ ohun tí ilé Olúkẹ́rẹ́ wí, kí ó sì dárúkọ ilé tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìfi èyíkéyìí ṣe òtítọ́ pọ́nńbélé, láìsì pa èyíkéyìí mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìlú rẹ̀ yóò rò pé irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ yóò sọ ìlú náà di yẹpẹrẹ. Lójú mi, ìlú tí a bá gbà pé ó ní ju ohùn kan lọ ni ìlú gidi. Ìlú olóhùn kan kò sí níbì kankan láyé.

Ó sì yẹ kí á mọ ibi tí àwọn ìtàn wọ̀nyí ti gbà dé orí bébà. Ní ayé ìjọba òyìnbó, pàápàá láàárín ọdún 1930 sí 1940, àwọn ọ̀gá òyìnbó agbègbè kọ ìwé ìwádìí lórí ìlú kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú wọn sì wà títí di òní ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn. Àwọn ọba àti ìjòyè ni wọ́n jókòó tí wọ́n rò fún wọn. Ẹ rántí pé àkókò náà jẹ́ ìgbà tí ipò ọba, ibi tí owó orí yóò máa lọ, àti ìlú tí yóò wà lábẹ́ èwo, dúró lórí irú ìtàn tí a bá rò. Àwọn ọba mẹ́rìndínlógún Èkìtì ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lúpẹ̀lú, ẹni tó máa jókòó síbi kan níbẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ti abẹ́ ẹlòmíràn jáde. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ nígbà náà dà bí ẹ̀rí ní kóòtù. Èmi kò sọ pé àwọn àgbà wa purọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ń ro ẹjọ́ kì í ro èyí tí yóò pa á. Nígbà tí a bá wá gbé ohun tó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú ìwé-ìmọ̀, ó tọ́ kí á sọ ọdún tí a rò ó, ẹni tí a rò ó fún, àti ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ nígbà náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn òpìtàn tiwa. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ ti parí ní 1897 tí kò sì jáde títí di 1921, jẹ́ ẹni tó rìn láàárín ibùdó ogun Kírìjì láti wá àlàáfíà. Ó mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ojú Ọ̀yọ́ ni ó sì fi wo Èkìtì. Ní Ìbàdàn, Isaac Akínyẹlé tẹ ìtàn ìlú rẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá ní 1911, ó sì gorí oyè Olúbàdàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Adó ní Àlùfáà Anthony Oguntuyi ti ìjọ Àgùdà, tó kọ ìtàn Adó, tó kọ ìtàn gbogbo Èkìtì, tó sì kọ ti Adúlójú Dodondawa jagunjagun. Ó tún ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Banji Akintoye, tí ìwé rẹ̀ lórí ìdìde Èkìtì Parapọ̀ jáde ní 1971, tí kò sì jẹ́ kí á máa fi ẹnu Ìbàdàn nìkan gbọ́ ogun náà mọ́. Ibi tí irú àwọn wọ̀nyí kò bá sí, ìyẹn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú kéékèèké wa, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pín nígbà ìwúyè ọba tàbí nígbà ọdún ìlú ni ó kù. Mo gbà pé ó yẹ kí á lò wọ́n, nítorí nígbà mìíràn ibẹ̀ nìkan ni orúkọ àwọn ọba ti tò tẹ̀lé ara wọn. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe lò wọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ pé ọjọ́ ayẹyẹ ni a tẹ̀ wọ́n, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í rántí ohun tó bá ni lójú jẹ́.

Mo dárúkọ Adúlójú. Ní Adó, akọni ni. Ó gba ìlú rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ogun gbilẹ̀ káàkiri. Ní àwọn ìlú tí ogun rẹ̀ dé, bí a bá lọ bèèrè, ohùn mìíràn ni a óò gbọ́, nítorí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú kì í ki ẹni tó kó o. Mo gbà pé ojúewé Adó kò péye bí kò bá sí Adúlójú níbẹ̀, kò sì péye bí ó bá jẹ́ pé oríkì rẹ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀.

Nípa àwọn ènìyàn pàtàkì, ibi tí ìjà máa ń pọ̀ sí jù lọ nìyí, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó gba ààyè púpọ̀. Gbogbo ìdílé ló ní ọmọ tó yẹ kí ayé mọ̀. Ẹni tó bá ṣí ojúewé ìlú kékeré kan ní Èkìtì, tí wọ́n ń yangàn pé ilé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni, kò ní í pẹ́ rí orúkọ ogún ènìyàn tí a tò sílẹ̀ bí iṣu inú abà: ọ̀mọ̀wé, agbẹjọ́rò, aṣòfin, olùdíje dupò tí kò tí ì wọlé. Ìlànà tó rọrùn ni pé kí á bèèrè bóyá ìlú náà hàn nínú ìtàn ẹni náà, tàbí ìtàn ẹni náà hàn nínú ìlú. Adékúnlé Fájuyì tí a bí ní Adó ní 1926, tó sì bá àlejò rẹ̀ Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, kú ní Ìbàdàn ní oṣù keje ọdún 1966, yẹ ní ojúewé Adó. Orúkọ rẹ̀ wà lára ìlú náà, ọgbà ìrántí rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn fi ń júwe ọ̀nà. Adéyínká Adébáyọ̀, tó ṣe gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn láti 1966 sí 1971, yẹ ní ojúewé Ìyìn, ọmọ rẹ̀ Níyì tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Èkìtì láti 1999 sí 2003 sì yẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Ìyìn má di orúkọ bàbá àti ọmọ nìkan. Ìlú tí gbogbo ìtàn rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó kúrò níbẹ̀, ta ni ó kù sílé tó ń gún iyán?

Ní tèmi, ohun tó kù sílé yìí ni ó ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo ojúewé tí mo ti kà. A óò rí orúkọ alága ìjọba ìbílẹ̀, a kò ní í rí ọjọ́ tí ìlú ń ná ọjà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjà ọrọọrún ni ó so àwọn ìlú wọ̀nyí pọ̀ kí ọ̀dà tó dé ojú ọ̀nà wọn, tí obìnrin kan náà lè ná ti Ìgèdè, kí ó sì tún ná ti ìlú kejì kí ọjọ́ márùn-ún tó pé. A kò ní í rí odò tí ìlú ń mu, orúkọ àdúgbò, irú iṣu tí ilẹ̀ ibẹ̀ gbà, ìgbà tí kòkó wọ oko, ọ̀nà tí ilé gbà yí padà láti ewéko sí páànù. A óò rí ọdún tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Christ's School sílẹ̀ ní Adó, ìyẹn 1933, a óò sì rí orúkọ Àlùfáà Àgbà Dallimore tó dá a sílẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí ilé ẹ̀kọ́ náà wọ ìtàn ìlú ni pé láti gbogbo Èkìtì ni àwọn ọmọ ti ń wá sórí òkè Àgídímọ̀, tí ọmọ ìlú kan fi ń sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọ ìlú tí àwọn baba ńlá rẹ̀ bá jà rí. Ìwòrókò, tó jẹ́ ìlú àgbẹ̀ lójú ọ̀nà Ìfàkì, ti di ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀. Bí ìlú ṣe ń yí padà báyìí lójú wa jẹ́ ìtàn tó tó kọ sílẹ̀ bí ìtàn ọba èyíkéyìí.

Oríkì ńkọ́? Àwọn olóòtú kan a máa yọ ọ́ kúrò pé ìwé-ìmọ̀ kì í ṣe ibi ìpọ́nni, àwọn ọmọ ìlú a sì máa dá a padà pẹ̀lú ìbínú. Àwọn méjèèjì ní ẹjọ́ tó tọ́. Oríkì orílẹ̀ kò wà fún àtijẹ́rìí pé nǹkan ṣẹlẹ̀ ní ọdún báyìí. Ohun tó ń jẹ́rìí sí ni ohun tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ kà sí iyì, oúnjẹ tí wọn kì í jẹ, òkè tí wọ́n sá sí, iṣẹ́ tí a fi mọ̀ wọ́n. Nítorí náà, kí á kọ ọ́ lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, oríkì, kí á sọ ẹni tó ń kì í àti ìgbà tí wọ́n ń kì í, kí á má ṣe fà á wọ inú ìtàn bí ẹni pé ìwé ọjọ́ orí ni.

Ohun kan sì wà tí ìwé-ìmọ̀ kì í kọbi ara sí: ohun tí kò sí ní ìlú mọ́. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, tó ya àwòrán bí ọba ṣe gba òyìnbó ọ̀gá agbègbè lálejò sí, ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924. Ó wu àwọn ti British Museum tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ìjókòó ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀, kò sì padà wálé mọ́. Òpó kan tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́ fún ààfin náà wà ní Chicago. Nínú ojúewé musíọ̀mù, a óò rí gígùn ilẹ̀kùn náà, igi tí a fi ṣe é, nọ́ńbà rẹ̀. Nínú ojúewé Ìkẹ́rẹ́, bóyá ni a óò rí ìlà kan. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí a gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀, ní Agbọ́nbíọ̀fẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ òpó ààfin Aláayè, ó sì tún ní ibojì Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá, tí ó kú ní 1959, tí àwọn ènìyàn fi ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbàdúrà níbẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà òrìṣà àti wòlíì tó sun ère nínú ìlú kan náà, láàárín ìran kan náà: bí ojúewé bá fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì, kì í ṣe Ẹ̀fọ̀n ni a kọ.

Gbogbo èyí tí mo ń wí forí kọ òfin kan tó gbọ́dọ̀ wà, tó sì ń ni wá lára. Ìwé-ìmọ̀ kì í gba ohun tí òǹkọ̀wé fi ojú ara rẹ̀ rí. Ohun tí a ti tẹ̀ jáde níbòmíràn ni ó ń gbà. Èmi gan-an lè lọ sí Ìkógòsì lọ́la pẹ̀lú irinṣẹ́ ìwọ̀n ooru, kí n sì ka 37 níbẹ̀. Ìwọ̀n mi kò lè wọ ojúewé náà, nígbà tí 70 tó wà nínú ìwé ìpolówó ìrìnàjò lè wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àgbà tó mọ ìdí Ẹlẹ́sùn lè jókòó kí ó rò ó fún wákàtí mẹ́ta. Lójú òfin, kò tí ì sọ nǹkan kan. Mo mọ ìdí òfin náà, mo sì fara mọ́ ọn, torí pé láìsí i, irọ́ yóò kún ilé. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú nìkan jókòó kọ ojúewé ìlú wọn. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran, ẹni tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù tó ń fi ìwé ìpolówó kọ Ìkógòsì ni yóò fi 70 síbẹ̀. Ní 2011, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Achal Prabhala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà pé kí á gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí á sì fi ohùn náà ṣe ẹ̀rí bí ìwé. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀ láàárín àwọn olóòtú Wikipedia, òfin kò sì yí padà. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ohùn àwọn àgbà lè gbà wọ inú ìwé-ìmọ̀ kò dí.

Bí òfin bá ní dandan ni kí a ti tẹ̀ ẹ́ jáde, kí àwa náà tẹ̀ ẹ́ jáde. Adó ní yunifásítì méjì àti pólítẹ́kíníìkì ìjọba àpapọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ ti di yunifásítì. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ lórí ìtàn àti àṣà ìlú wọn, tí wọ́n ń dì í, tí wọ́n ń gbé e sórí pẹpẹ, tí eruku ń bò ó. Inú irú wọn ni ọjọ́ ọjà wà, inú wọn ni orúkọ odò wà, inú wọn ni ohùn ìyá arúgbó tó rántí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi páànù bo ilé ní àdúgbò rẹ̀ wà. Kí á ṣà wọ́n, kí á yẹ̀ wọ́n wò, kí á tẹ èyí tó péye nínú wọn ní ìwé kékeré lábẹ́ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ àgbà tó fọwọ́ sí i kí a dárúkọ òun, ọjọ́ tó sọ̀rọ̀, àti ilé tó ti sọ ọ́. Ti Ìkógòsì ni kí á fi bẹ̀rẹ̀: kí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà òjò, kí wọ́n tún kó wọn lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n wọn omi náà ní orísun rẹ̀ àti níbi tó ti pàdé ìkejì rẹ̀, kí wọ́n sì bi àwọn ará ìlú léèrè ohun tí wọ́n ń pe omi méjèèjì kí òyìnbó tó dé.